Agbòjò Pupa Tó Wà Lẹ́yìn Ewúrẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò mọ nǹkan kan. Ọkọ mi kì í ṣe gbajúmọ̀. Bó bá kọjá níwájú yín ní títì, ẹ ò ní bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wo eré kátúùnù àwọn ewúrẹ́ rí lórí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí bàbá ewúrẹ́ ń gbé lókè ilé ẹni tó ń tún bàtà ṣe, tó sì ń bẹ̀rù koríko bí ẹni ń bẹ̀rù ejò, ẹ ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ewúrẹ́ ló ń yà o. Àwọn mìíràn ló ń ya ewúrẹ́. Ọkọ mi ló ń ya ògiri tí ewúrẹ́ fara tì, àti títì, àti igi, àti àga tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń ya àga tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, kò sì rẹ̀ ẹ́.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá Ìbejì. Jẹ́jẹ́ rẹ̀ pọ̀ débi pé ó máa ń bí mi nínú. Aṣọ àwọ̀ eérú ló ń wọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú: ṣẹ́ẹ̀tì eérú, sòkòtò eérú, ìbọ̀sẹ̀ eérú. Èmi aránṣọ rèé, tí àwọn obìnrin àdúgbò ń tò sí ṣọ́ọ̀bù mi nítorí àwọ̀, ọkọ mi ń wọ eérú kiri! Mo rán ṣẹ́ẹ̀tì gidi kan fún un lọ́dún tí mo bí àwọn ìbejì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára púpọ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló wà láti ọdún náà.

Òwú ńkọ́? Bí mo bá ní kó bá mi ra òwú pupa bọ̀, òwú àwọ̀ ewé ni yóò kó dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo pariwo mọ́ ọn pé ọkàn rẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ mi. Ó ní kí n má bínú, pé òun ń ronú nǹkan mìíràn lọ́nà ni. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń lọ ra òwú.

Bẹ́ẹ̀, níbi iṣẹ́, Kìítàsé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni kì í ṣi àwọ̀ kùn. Ọ̀gá Àwọ̀, ìyẹn ọ̀gá tó ń yan àwọ̀ fún gbogbo eré náà, á kọ nọ́ńbà sí ara àwòrán kọ̀ọ̀kan, méjìlá níhìn-ín, ọgbọ̀n lọ́hùn-ún, nọ́ńbà kan náà á sì wà lára garawa ọ̀dà. Àwọn yòókù á máa ṣàgídí pé ojú àwọn fẹ́ kó pọ́n díẹ̀ sí i. Ọkọ mi kì í bá nọ́ńbà jiyàn. Ohun tó bá ti kà ló ń kùn.

Ọjọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀ ló máa ń gbé àwòrán tó bá kù díẹ̀ wálé, á jókòó sídìí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, á ṣí àpótí onígi kan tí ìgò ọ̀dà kéékèèké mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀. Ìgò náà kò ní orúkọ, kò ní nọ́ńbà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn ìbejì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Àwọn ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, obìnrin ni àwọn méjèèjì, ẹnu wọn kì í sì í dákẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé fóònù sá wá bá mi nídìí máṣíìnì. Àwọn èèyàn kan tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wo eré ewúrẹ́ ní àwòtúnwò ló kọ ọ́ síbẹ̀: ohun mọ́kàndínlógójì tó fara pamọ́ sínú eré náà. Wọ́n ní aago ilé ìdáná ewúrẹ́ kì í kúrò ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí pé àkókò tí àwọn ayàwòrán ń retí àtilọ sílé nìyẹn. Wọ́n ní sísín tí ìyá àgbà ewúrẹ́ ń sín, awakọ̀ ilé iṣẹ́ ló sín in, nígbà tó já wọlé wá mú kọ́kọ́rọ́ níbi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ó dùn mọ́ wọn nínú, wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àfi ìgbà tí wọ́n ka ìkẹtàdínlógún. Ó ní agbòjò pupa kan wà nínú gbogbo eré láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lábẹ́ àga, lókè àjà. Ó ní ẹni tó ń ya ẹ̀yìn ló ń fi í síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè níbi iṣẹ́, ó ní agbòjò obìnrin tí òun fẹ́ràn jù láyé ni. Kò dárúkọ rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ̀yin ni àbí?” Àwọn ìbejì ń fò sókè.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mi ò ní agbòjò pupa rí láyé mi. Ẹni tó ń fi àwọ̀ jẹun kì í gbàgbé àwọ̀ ohun ìní rẹ̀. Mo gba fóònù, mo wo àwòrán náà. Kékeré ni, kò hàn dáadáa, agbòjò pupa tí irin rẹ̀ kan tẹ̀. Agbòjò wo ni irin rẹ̀ kì í tẹ̀? Nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn èèyàn ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ọ̀kan ní àmì ìyàwó àkọ́fẹ́ bàbá ewúrẹ́ ni, tó ti kú. Ọ̀kan ní ọjọ́ tí agbòjò náà bá ṣí, eré parí nìyẹn. Orí mi dàrú. Àbí ilé ọkọ tèmi náà ló fẹ́ parí báyìí?

Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò jẹ́ kó bọ́ bàtà. Mo ní, “Bàbá Ìbejì, ta ló ni agbòjò pupa tí ẹ ń yà?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, mi ò rí i lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan. Ó ní, “Ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n,” ó sì wọ balùwẹ̀ lọ.

Háà! Mo mọ̀ ọ́n kẹ̀? Ẹni tí mo mọ̀ ni? Mo jókòó sórí àga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo obìnrin tí mo mọ̀ tó ní agbòjò pupa. Ọ̀kan péré ni. Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì ọ̀rẹ́ mi, tí mo ti ń rán aṣọ iṣẹ́ fún láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Agbòjò rẹ̀ pupa bí iná, ìgbà gbogbo ló sì ń gbàgbé rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ta ló wá ń bá a gbé e lọ sílé? Èmi kọ́ ni mo ń rán ọkọ mi? Ẹ wo bí mo ṣe fọwọ́ ara mi ṣe ara mi!

Lọ́jọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì wá yẹ aṣọ wò. Mo ń fi abẹ́rẹ́ mú ìbàdí aṣọ náà fún un, ó sì fò sókè.

“Yéè! Ìyá Ìbejì, abẹ́rẹ́ yín gún mi o!”

“Yóò ṣì gún ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ,” ni mo wí.

“Kí ni mo ṣe?”

“Bi agbòjò rẹ léèrè.”

Ó wo agbòjò rẹ̀ tó kọ́ sí ẹ̀yìn àga, ó wojú mi, ó tún wo agbòjò. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ sọ pé, “Ìyá Ìbejì, ẹ jókòó kí n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín.” Mo ní kó bọ́ aṣọ mi sílẹ̀ kó máa lọ. Ó lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn.

Bó ṣe lọ tán, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọlé lọ tú tábìlì ọkọ mi. Lẹ́tà ni mò ń wá, tàbí fọ́tò, ohunkóhun tó lè jẹ́rìí. Mo tú dúrọ́ọ̀, mo gbọn ìwé, mo gbọn àkísà tó fi ń nu búrọ́ọ̀ṣì. Mo ṣí àpótí tẹ́nìkan kì í fọwọ́ kàn, mo kó ìgò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jáde, mo wo abẹ́ wọn. Kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo fẹ́ kó wọn padà, mi ò rántí bí wọ́n ṣe tò. Ni mo bá tò wọ́n bí mo ṣe ń to òwú mi ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tó mọ́lẹ̀ jù ṣíwájú, èyí tó ṣókùnkùn jù gbẹ̀yìn. Mo tiẹ̀ rò ó pé mo bá a tún un ṣe ni, pé ńṣe ló kàn kó wọn jọ wúruwùru tẹ́lẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó jókòó ti àpótí náà, ó mú ìgò, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó kùn, kò sọ nǹkan kan. Inú mi dùn pé kò fura.

Eré tí wọ́n bá yà lónìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń gbà kó tó jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni mo fi bá a yodì. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó pé, mi ò lè fara dà á mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọkọ mi, “ẹ̀yin” ni mo ń pè é. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ pè é ní “ìwọ”.

“Ìwọ ọkùnrin yìí, bí o ò bá dárúkọ ẹni tó ni agbòjò yẹn fún mi títí di ọjọ́ Àìkú, mo ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò sì ní padà wá.”

Ó ya ẹnu. “Tìrẹ ni. Ta ni ìbá tún jẹ́?”

“Tèmi kẹ̀! Pupa? Mi ò ní agbòjò pupa rí láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi!”

Ńṣe ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Kí lẹ fẹ́ kí n rò? Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, olè ti jẹ́wọ́. Mo sunkún, kí n má parọ́ fún yín. Mo sunkún sórí aṣọ oníbàárà, mo sì ní láti fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú pé. Mo di ẹrù mi sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ìbejì kò bá mi di ẹrù. Wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ojú wọn wú, wọ́n ń wo eré ewúrẹ́ ti aago mẹ́rin nítorí àtimú mi bínú. Bàbá wọn jókòó sí kọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín orúnkún méjèèjì. Mo rántí sísọ́ọ̀sì ńlá tí mo fi ń gé aṣọ, mo wọlé wá mú un.

“Àwọ̀ ewé!” Àwọn ìbejì kígbe pọ̀. “Ó ti di àwọ̀ ewé!”

Mo yí ojú. Bàbá ewúrẹ́ ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò lórí tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì, agbòjò kan wà, àwọ̀ ewé tó ti gbó, irin rẹ̀ kan tẹ̀ lápá òsì.

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Agbòjò mi ni!

Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọwọ́ mi. Ìgbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ni mo rà á. Atẹ́gùn já a gbà lọ́wọ́ mi ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ òjò kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì eérú sì sáré tẹ̀ lé e títí dé ìdí òpó iná. Ó gbé e padà fún mi, omi ń kán lórí rẹ̀, irin kan ti tẹ̀, ó sì ń bẹ̀ mí bí ẹni pé òun ni atẹ́gùn. Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn nìyẹn. Agbòjò náà ti sọnù tipẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin náà ló jókòó sí kọ̀rọ̀ yìí.

“Bàbá Ìbejì,” ni mo wí, “kí ló dé tí ẹ wá kùn ún ní àwọ̀ ewé nísinsìnyí?”

“Àwọ̀ ewé wo? Pupa ni.”

“Dádì, àwọ̀ ewé ni,” ni àwọn ìbejì wí.

Ó wo tẹlifíṣọ̀n. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. “Pupa ni,” ó tún wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wá ń wọlé sí mi lórí lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Òwú. Aṣọ eérú. Nọ́ńbà tí kì í bá jiyàn. Bó ṣe jẹ́ pé tí a bá fẹ́ sọdá títì níbi tí iná ti ń dá ọkọ̀ dúró, ó máa ń dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀. Àpótí tí ẹnìkan kì í fọwọ́ kàn. Yéè, àpótí! Èmi tí mo to ìgò! Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

“Ẹ ò rí pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé,” ni mo wí.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní láti kékeré ni. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kíkọ pátákó ló kọ́kọ́ nà án nítorí pé ó kun ewé igi ní pupa. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ààyè dá ìgò mọ̀: nínú àwọn méjèèjì, pupa á wà lápá òsì, àwọ̀ ewé á wà lápá ọ̀tún. Ó ní lójú òun, wọ́n jọ ara wọn bí àwọn ìbejì wa.

“Báwo lẹ ṣe wá ní pupa ni agbòjò mi?”

“Mo rò ó bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò lè bi ọ́. Ọkùnrin wo ló ń bi obìnrin pé, jọ̀ọ́, àwọ̀ wo ni agbòjò rẹ?” Ó fọwọ́ nu ojú. “Nígbà tí o ní o ò ní pupa rí, mo mọ̀ pé mo ti ṣì í. Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá ṣàlàyé agbòjò, mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ojú mi. Bí wọ́n bá gbọ́ níbi iṣẹ́ ńkọ́?”

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, fóònù rẹ̀ dún níbẹ̀ yẹn gan-an. Ọ̀gá Àwọ̀ ni. Ohùn rẹ̀ le débi pé gbogbo wa ń gbọ́ ọ. “Kìítàsé! Ta ló ní kí o yí agbòjò padà? Èmi fúnra mi kò kíyè sí i títí ó fi jáde! Àwọn èèyàn kò jẹ́ ká gbádùn!”

Òógùn bo ọkọ mi. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe, mo kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ kejì, mo ní, “Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó ni ín ló ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí.”

Ó sọ ọ́ bí mo ṣe wí.

Ọ̀gá Àwọ̀ ní, “Ẹni tó ni ín? Ṣé o mọ ibi tó wà ni?”

“Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí,” ni ọkọ mi wí. Ojú mi ló ń wò.

Ọ̀gá Àwọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ó dáa, kó máa jẹ́ àwọ̀ ewé lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, kó kọ́kọ́ sọ fún àwọn. Àwọn ìbejì ti gbé ẹrù mi padà sínú yàrá kí n tó ronú kàn án.

Mo gbé aṣọ iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì lọ bá a nílé lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀ ẹ́, mo ro gbogbo ẹjọ́, àfi ti ojú ọkọ mi. Kò yé e. Ó ní kí n jókòó, kí òun wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó. Ó ga díẹ̀. Ní ti àwọn tó ń wo eré ní àwòtúnwò, wọ́n ti kọ ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀rọ̀ nípa agbòjò àwọ̀ ewé. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bàbá ewúrẹ́ yóò jẹ koríko níkẹyìn. Ó ṣeé ṣe. Èmi kò mọ nǹkan kan mọ́ láyé yìí. Mo bá ọkùnrin sùn, mo bá a jí, mo ń fi àwọ̀ ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò sì mọ ohun tó ń rí. Ó ṣì ń rú mi lójú.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ṣí àpótí rẹ̀. Mo ní kí n tò ó padà bó ṣe wà, ó ní kí n fi sílẹ̀, kí n kàn sọ èwo lèwo. Mo gbé àga mi sún mọ́ ọn. Ó ń na ìgò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dá a lóhùn. Nígbà tí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tán, ó dìde, ó lọ mú ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọn eruku rẹ̀.

“Èyí ńkọ́?” ó bi mí. “Àwọ̀ wo ni? Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á bi mí lọ́nà, mi ò sì ní mọ ohun tí màá sọ.”

“Àwọ̀ ewé ni,” ni mo wí. “Agbòjò yẹn gan-an ni mo ń rántí tí mo fi yan aṣọ náà.”

Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti fún un níkùn, bọ́tìnnì kan kò dé ihò rẹ̀. Mo ní kó bọ́ ọ kí n tú u, ó kọ̀, ó ní òun ti pẹ́.